Ìbéèrè tí Mo Bèèrè ní Ogida

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi di báírò pupa mú. Mo mọ bí ọwọ́ olùkọ́ ṣe máa ń rí nígbà tó bá ka iṣẹ́ ọmọ dé òpin. Mo sì mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tó bá ka ojú ewé kìíní nìkan, tó wo ìkẹyìn fìrí, tó kọ máàkì kan sí i, tó sì ju ìwé náà sórí àwọn yòókù. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n dá ìjábọ̀ mi padà ní kíláàsì, tí mo rí i pé yíǹkì pupa wà lójú ewé kìíní, tí kò sì sí lójú ewé kejì títí dé ìkẹrìnlá, mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí n tó wo máàkì. Méjìlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ni èyí, kì í ṣe ìdíyelé.

Mo pa ìwé náà dé. Mo tì í sínú báàgì mi.

Bí inú bá ń bí olùkọ́, ó ṣì yẹ kó lè to ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìṣirò ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Benin City títí mo fi fẹ̀yìn tì. Apá Ìjẹ̀ṣà ni mo ti wá. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa débí nígbà tí a ṣì kéré, ó ti di olóògbé báyìí, ilé tí a jọ kọ́ sí Oregbeni ni mo sì ń gbé pẹ̀lú ọmọbìnrin mi. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa rò pé n óò ra fìríìjì, kí n máa ta omi tútù níwájú ilé. Mo sọ fún wọn pé yunifásítì ni mo ń lọ. Mo fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ìdíyelé àti àbójútó ilé àti ilẹ̀, mo sì fẹ́ gba oyè másítà nínú rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàdúrà fún mi, bí ẹni pé àìsàn ló ń ṣe mí.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Mo ti rí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n fi ogún ọdún kọ́ ilé kan, tí ẹnì kan wá dúró sẹ́nu géètì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó díye lé e, tó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò wọlé. Kò wọn nǹkan kan. Ó máa ń dùn mí bí ìgbà tí ọmọ bá kọ ìdáhùn ìṣirò láìṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nítorí pé ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ni mo kà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ fi ọdún kan ṣe dípúlómà. Mo ṣe é. Ìgbà tí mo wọ kíláàsì másítà, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn tí a jọ jókòó sì kéré sí ọmọ mi. Adíyelé àgbàlagbà kan tó ní ọ́fíìsì ní Airport Road sọ fún mi pé tábìlì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé òun. Bí mo bá ti parí lọ́dún yìí, kí n wá jókòó sídìí rẹ̀. Òun náà ń múra àtisinmi, ó fẹ́ ẹni tí òun yóò fi iṣẹ́ náà hàn. Ó ní, “Ìyá tíṣà, ọdún yìí nìkan ni mo lè dá tábìlì yẹn dúró.” Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún sì ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ìdíyelé nínú pápá. Ẹni tí kò bá gba àádọ́ta níbẹ̀ kò lè mú àkòrí ìwádìí wá. Ìyẹn ni pé méjìlélọ́gbọ̀n yẹn ti gba tábìlì náà lọ́wọ́ mi.

Ilé tí wọ́n ní kí a díye lé wà ní Ogida. Bàbá tó ni ín ti kú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì yọ̀ǹda ilé náà fún ẹ̀kọ́ wa. Ìbéèrè náà ni pé kí a díye lé e kí a lè pín in láàrin àwọn ọmọ olóògbé. Àwa márùn-ún ni ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n oníkálukú ló máa kọ ìjábọ̀ tirẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù jẹ́ ọmọ Yorùbá láti Ìbàdàn, Ọ̀ṣun àti Ògùn, wọ́n jọ ń lọ sí ìjọsìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ dáadáa ni wọ́n. Bí a ṣe dé ibẹ̀, aṣáájú wa, ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan, bá mi gba báàgì.

Ó ní, “Mummy, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri níbí, a máa bá yín wọn gbogbo ẹ̀.”

Mo ní, “O ṣeun. N óò wọn tèmi tí ẹ bá ṣe tán.”

Ìyá àgbà kan wà ní fàráńdà tó ń bó ẹ̀gúsí sínú àwo. Àbúrò olóògbé ni. Mo kí i ní èdè Edo, mo jókòó tì í, mo bu ẹ̀gúsí díẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Lẹ́yìn náà ni ó ní ọwọ́ mi le bíi ti ọkùnrin, mo sì sọ fún un pé ṣọ́ọ̀kì ló ṣe é. Pidgin la fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rí i pé ara ti tù ú, mo rọra bi í pé, “Mama, sorry o. When Papa go, na where him dey?”

Kò bínú. Ó gbé orí sókè, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí yàrá tó wà lápá ọ̀tún. “For inside there. For him own bed. Na this my hand close him eye.” Ó wá fi kún un pé ọmọkùnrin àkọ́bí ti ṣe gbogbo ìsìnkú tán, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Aṣáájú wa ti dúró lẹ́yìn mi tí mi ò mọ̀. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Mummy, ẹ jọ̀ọ́, irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹ̀ ń bi ọlọ́fọ̀ ní ibi tí èèyàn kú sí?”

“Mo kí i kí n tó bi í.”

“Bí màmá mi bá gbọ́ pé mo dúró níbi tí wọ́n ti bèèrè irú ẹ̀, ó máa gbá mi létí.”

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà nínú ẹgbẹ́ wa bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìwọ ló ń bínú. Mummy ló gba ẹ̀gúsí lọ́wọ́ màmá, ìwọ gba kí ni?” Òótọ́ ni, nítorí ìyá náà ti bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún mi.

Mi ò bá ọmọkùnrin yẹn wí. Ẹ̀kọ́ ilé tirẹ̀ ló ń sọ, ẹ̀kọ́ ilé tèmi náà sì ni. Nílé wa, a kì í bi ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní yàrá tí òkú ti jáde. Ṣùgbọ́n ní Benin, ẹni tó bá fẹ́ díye lé ilé olóògbé tí kò bèèrè ibi tí bàbá kú sí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ilé tí bàbá gbé, tó sì kú sí, igiogbe ni wọ́n ń pè é. Ọmọkùnrin àkọ́bí ló ni ín, bó bá ti ṣe ìsìnkú bàbá rẹ̀ pé. A kì í pín in fún àwọn ọmọ yòókù, ilé ẹjọ́ sì mọ àṣà náà dáadáa.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ ọ. Ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, olùkọ́ ọmọ Benin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kú, wọ́n sì rán àwa mẹ́ta lọ kí ìdílé rẹ̀. Èmi ni mo gba ẹnu sọ. Mo dá àwọn ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ta ilé náà, kí wọ́n pín in lọ́gbọọgba, kí ìfẹ́ lè wà. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo ń sọ. Àkọ́bí gbọ́ mi tán, ó dúpẹ́, ó sìn wá dé géètì, ó sì rọra ti géètì náà. Kò kí mi mọ́ títí iṣẹ́ fi gbé e lọ sí ìlú mìíràn. Àṣà ilé wa ni mo gbé lọ sílé onílé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Ọmọbìnrin ni mí, mo sì bí ọmọbìnrin. N kò sọ pé àṣà náà dára. Ohun tí mo sọ ni pé ó wà níbẹ̀, bí òpó ṣe wà láàrin ilé. Bí o kò bá fẹ́ràn òpó, o kò lè yàwòrán ilé náà bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àwọn ọmọ náà nínú kẹ̀kẹ́ tí a wọ̀ padà. Aṣáájú wa gbọ́ mi dé òpin, ó sì ní, “Ṣùgbọ́n Mummy, sà ti kọ́ wa ní ìdí-igi, ká pín ogún bí iye ìyàwó, àti orí-ò-jorí, ká pín in bí iye ọmọ. Nínú ìbéèrè, ‘pín’ ni sà kọ. Ohun tí sà fẹ́ ni ká fún sà.”

Ohun tí sà fẹ́ ni ká fún sà. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá gbólóhùn yẹn jà.

Mo kọ ìjábọ̀ mi. Mo wọn àwọn yàrá, mo ṣàpèjúwe òrùlé àti ògiri, mo sì díye lé e bí ilé. Lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ pé olóògbé kú sínú ilé yìí, àkọ́bí rẹ̀ ti sìnkú rẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tí a ń pín. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rà á, kí ó lọ bá àkọ́bí. Àwọn mẹ́rin yòókù pín ilé náà sí ọ̀nà mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí iye ìyàwó olóògbé. Kò sí ẹni tó gba ohun tó kéré sí àádọ́rin nínú wọn.

Nígbà tí mo délé, ọmọ mi rí ojú mi. Ó máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ ní Yorùbá, Pidgin ló sì fi máa ń dá mi lóhùn. Mo fi ìwé náà hàn án. Ó kà á ju olùkọ́ mi lọ, nítorí ó ṣí ojú ewé kejì.

Ó ní, “Mummy, you no fit just beg the man?”

“Kí n bẹ̀ ẹ́ fún kí ni?”

“So that you go pass now. You wan sit for that table abi you no wan sit?”

Mo ní mo fẹ́ jókòó. Ó ní, “Then bend small.” Mi ò sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí kò sọ ohun tí kò tọ́. Bí mo bá fi ìgbéraga pàdánù ọdún kan, ta ni yóò dá a padà fún mi ní ọjọ́ orí mi?

Lọ́jọ́ kejì mo wọ aṣọ tí mo máa ń wọ̀ lọ sípàdé àwọn òbí, mo lọ sí ọ́fíìsì olùkọ́ náà. Ọmọ Yorùbá ni òun náà, ẹni bí ogójì ọdún, kò tíì pẹ́ tó dé Benin. Òun àti olùkọ́ mìíràn tó jẹ́ ọmọ Benin ni wọ́n jọ ń lo yàrá náà. Onítọ̀hún jókòó sídìí tábìlì tirẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì ń ka ìwé.

Olùkọ́ mi dìde díẹ̀. “Ẹ káàárọ̀, Mummy. Ẹ jókòó, ma.”

“Ẹ káàárọ̀, sà.” Mo máa ń pè é ní sà. Olùkọ́ mi ni, mo sì mọ ohun tó tọ́ sí àga yẹn. “Máàkì mi ló gbé mi wá.”

Ó mí kanlẹ̀. “Mummy, mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, iye ilé la bèèrè. Ẹ wá ń sọ ìtàn bàbá tó kú, ibi tó kú sí, ẹni tó bá a pa ojú dé. Àwa náà ọmọ Yorùbá, a kì í rọ́ ìyẹn nínú ilé ọlọ́fọ̀.”

“Sà, ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilé náà?”

“Àwọn ọmọ.”

“Èwo nínú wọn?”

“Gbogbo wọn, ma. Ìdí-igi mẹ́ta ni.” Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí ìyá rẹ̀ tó ń bèèrè bí wọ́n ṣe ń tan fóònù. Ó yí sí ẹnìkejì rẹ̀, ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún un pé ilé olóògbé kan ní Ogida ni, Mummy kò gbà pé kí àwọn ọmọ pín in.

Onítọ̀hún kò gbé ojú kúrò nínú ìwé. Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu, ó sì bèèrè pé, “Where the man die?”

Olùkọ́ mi yí padà wò ó.

Ó gbé ojú sókè, ó wò wá. “I dey ask. Na inside the house?”

Mo ní, “Inside. For him bed. First son don finish burial.”

“Then wetin una wan share?” Ó padà sídìí ìwé rẹ̀. “Oga, you go carry wahala enter that family o.”

Olùkọ́ mi kò wò mí. Ó fa ìwé mi sọ́dọ̀, ó fa ilà sórí méjìlélọ́gbọ̀n, ó sì kọ àádọ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ó dáa, Mummy. Ẹ ti yege. Ẹ máa lọ fi àkòrí yín sílẹ̀.”

Èyí ló bí mi nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Méjìlélọ́gbọ̀n, àṣìṣe ni. Àádọ́ta gẹ́lẹ́, àánú ni. Èmi náà ti fún ọmọ ní irú rẹ̀ rí, mo mọ̀ ọ́n. Òun ni a fi ń lé wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Kò sì tíì ṣí ojú ewé kejì.

Ohùn ọmọ mi ń sọ létí mi pé, bend small. Àádọ́ta ti tó. Tábìlì ti padà di tèmi. Mo dìde, mo sì tún jókòó.

Mo ní, “Sà, àádọ́ta tó kù ńkọ́? Kí ni mo ṣe tí mo fi pàdánù rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi hàn mí.”

“Mummy, ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ yìí gùn.”

“Kò ní gùn. Ojú ewé mẹ́rìnlá péré ni. Ẹ mú ìwé ìlànà máàkì yín, ká jọ kà á.”

Kò ní ìwé ìlànà kankan. Mi ò gbé ohùn sókè. Mo yọ bébà kan nínú báàgì mi, mo fà á ní ilà, mo sì tì í sí iwájú rẹ̀. Mo ní, “Ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá síbí, sà, àti iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tọ́ sí. Ẹ̀yin ni olùkọ́. N óò dúró.”

Ẹnìkejì rẹ̀ fi ikọ́ bo ẹ̀rín, ó sì ṣe bí ẹni pé ẹ̀pà ló há a lọ́fun.

Olùkọ́ mi kọ ọ́. Mo gbóríyìn fún un nítorí ìyẹn, nítorí ó lè lé mi jáde. A bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní. Bó ṣe ń kà á, ọwọ́ rẹ̀ ń yí padà. Ó ń dúró, ó ń padà sẹ́yìn, ó ń fa ilà tín-ín-rín sábẹ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó dé ojú ewé kẹsàn-án, ó dẹ́kun, ó ní, “Mummy, ilé ìdáná ńkọ́?”

“Ilé ìdáná wo?”

“Èyí tó wà lẹ́yìn. Àwọn mẹ́rin yẹn wọ̀n ọ́n. Kò sí nínú tiyín.”

Mo wò ó. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Mo jókòó ti ẹ̀gúsí, mo wọn inú ilé, mo sì gbàgbé ẹ̀yìnkùlé. Mo ní, “Ẹ yọ máàkì rẹ̀.” Ó yọ ọ́. Ó tún rí i pé n kò kọ ọjọ́ tí mo lọ wo ilé náà síbì kankan, èmi tí mo ti fìyà jẹ ọmọ púpọ̀ nítorí déètì. Ó yọ ìyẹn náà. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Mo ro ó lẹ́yìn rẹ̀. Ó pé.

Mo ní, “Ẹ ṣeun, sà. Èyí ni mo gbà.”

Mo tún bẹ̀ ẹ́ pé kó pe àwọn mẹ́rin yòókù, kó ṣàtúnṣe fún wọn. Ó ní èsì wọn ti lọ, àti pé òun yóò fi kún ẹ̀kọ́ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn mẹ́rin yẹn á ti wà ní ọ́fíìsì, wọ́n á máa pín ilé onílé. Inú ṣì ń bí mi nítorí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ tó gba àádọ́rin fún ìdáhùn tí kò tọ́, ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi fúnra mi bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Kí n tó la ẹnu, aṣáájú wa ti ní, “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n má yọ máàkì wa o.” Mo ní kò sẹ́ni tó ń yọ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi: kí wọ́n kí ọlọ́fọ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n sì bèèrè ibi tí bàbá kú sí. Ọmọbìnrin yẹn kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀. Àwọn yòókù ní, “Yes, ma.” Mo mọ irú “Yes, ma” yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé mo mú téèpù mi, mo padà sí Ogida. Ìyá àgbà wà ní fàráńdà.

Ó ní, “Teacher, e never finish?”

“E remain kitchen, Mama.”

Ó dìde, ó bá mi dé ẹ̀yìnkùlé, ó sì di orí téèpù mú mọ́ ògiri fún mi. Ilé ìdáná náà kéré, èéfín ti sọ páànù rẹ̀ di dúdú. Mo wọn gígùn rẹ̀, mo wọn ìbú rẹ̀, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìyá náà ní, “This one, na me and my brother first wife build am. We mould the block ourself. Write am.”

Kò sí àyè fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù wa. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà, mo kà á sí i létí, mo sì kọ déètì.